Ràṣídì Tí Kò Lá Ṣúgà Rí

Ẹ̀gbọ́n mi Ràṣídì kò lá ṣúgà rí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí Kàmíl tó bá mi sọ ọ́ ní ìsọkúsọ, nítorí ẹnu Kàmíl kò ní ìlẹ̀kùn. Èmi Nimotalahi ń ta aṣọ ní Gounghin, àdúgbò kan ní ìlú Ouaga, létí ọ̀nà tó lọ sí Bobo. Ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wà ní òdìkejì títì, níbi tó ti ń ta ṣéènì, bíréèkì, táyà àti gbogbo ohun tí eruku ìlú yìí máa ń jẹ lára moto, bí a ṣe ń pe alùpùpù níbí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń wo ojú ara wa lójoojúmọ́. Kò sí ohun tó wọ ẹnu ọkùnrin náà tí n kò rí.

Bàbá wa ló fà á. Láti Ìnísà ni Bàbá ti wá sí Ouaga, ó sì fẹ́ràn tíì tó dùn débi pé ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró nínú ife rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ló pa á. Wọ́n kọ́kọ́ gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n gé ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà a sin ìyókù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Ràṣídì. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé tíì lé e lọ́wọ́, ó dà á sílẹ̀ níwájú àwọn àgbà, ó ní òun àti ṣúgà ti di ọ̀tá títí ayé. A rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é, pé yóò gbàgbé. Kò gbàgbé.

Nígbà tí wọ́n ń sọ Firdaus lórúkọ, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, ó kó oyin àti ṣúgà kúrò nínú àwo, ó fi ẹ̀pà rọ́pò. Àwọn àgbà bi í pé kí ni wọn yóò wá fi ṣàdúrà pé kí ayé ọmọ dùn. Ó ní kí wọ́n ṣàdúrà pé kí ó gùn. Àlùfáà wo ẹ̀pà, ó wo Ràṣídì, ó sì ṣe àdúrà tó kúrú jù lọ tí mo gbọ́ rí láyé mi. Títí di òní, bí Firdaus bá fèsì ọ̀rọ̀ gbígbóná, àwọn ẹbí wa á ní ẹ̀pà ló ń sọ̀rọ̀.

Àga gígùn kan wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀, tí àwọn ọkùnrin máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìrun àsárì láti se tíì. Ràṣídì ló ni èédú, òun ló ni ìkòkò tíì kékeré náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bu tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣúgà sí i. Á mu ún, á fún ojú pọ̀, á wá máa wàásù. Bí ó bá rí i pé Kàmíl, ọmọ Ṣakí tó ń ta fóònù, ti mú hóró ṣúgà kẹta, á bi í pé, “Ẹsẹ̀ wo lo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gé?” Félix nìkan ni kì í bá a jà. Mẹkáníìkì ni Félix, Mossi ni, ọmọ onílẹ̀ ìlú yìí, ó sì gbọ́ Yorùbá ju ọmọ tí àwa bí lọ. Á kàn ní, “Barka, patron,” ìyẹn ẹ ṣé, ọ̀gá, á sì mu tíì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí èmi àti Àríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan mọ̀. Ní Ouaga, bí ààwẹ̀ bá ti dé, ṣúgà ni wọ́n fi ń kí èèyàn. Oníbàárà á gbé páálí ṣúgà wá, alábàágbé á gbé e wá, Félix tí kì í gbààwẹ̀ náà á gbé e wá. A kì í kọ ẹ̀bùn ààwẹ̀. Ràṣídì kò lè lá a, kò sì lè da oúnjẹ Ọlọ́run nù. Bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, torí ó ní ẹni tó bá fún èèyàn ní májèlé, apààyàn ni. Ó bá ń kó o sẹ́yìn ìsọ̀, lẹ́yìn táyà, láti ọdún dé ọdún. Mo bá a sọ ọ́ títí tí ẹnu fi ń ro mí. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ọjọ́ tí èèyàn bá rí nǹkan yìí, kí lẹ máa sọ?” Ó ní ọkàn òun mọ́. Ta ló máa ń rí ọkàn?

Ní ọdún tó kọjá, ìyàwó Félix bímọ, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ púpọ̀, wọ́n ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ràṣídì ló kọ́kọ́ ká apá aṣọ sókè. Obìnrin náà yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n lò. Wọ́n pè é padà pé kòkòrò kan wà nínú rẹ̀, àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hépatite C, ó sì jọ pé ó ti pẹ́ níbẹ̀. Dókítà Agathe, obìnrin kékeré kan tí ohùn rẹ̀ tutù, bi í bóyá ó gba abẹ́rẹ́ káàkiri nígbà èwe. Èmi ni mo rántí. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan máa ń wá sí àdúgbò wa nígbà náà, á se abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo láàárọ̀, á sì fi gún gbogbo ọmọ tí ibà ń ṣe títí dìrọ̀lẹ́. Wọ́n yẹ̀ mí wò, kò sí kòkòrò lára tèmi. Èmi máa ń sá. Ràṣídì, tó jẹ́ ọmọ dáadáa, ló máa ń tò sórí ìlà. Wọ́n yẹ Àríkẹ́ àti Firdaus náà wò, kò sí nǹkan kan.

Wọ́n wá ní kí wọ́n yẹ ohun gbogbo wò lára rẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò kẹta ló dá wàhálà sílẹ̀. Èmi àti Firdaus la tẹ̀ lé e lọ. Firdaus wà ní yunifásítì, òun ló ń túmọ̀ fún wa bí dókítà ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó wo ìwé náà, ó kọjú sí bàbá rẹ̀.

“Papa, wọ́n ní ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yín. C'est le diabète. Àtọ̀gbẹ ni.”

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n lọ wá ẹni tó ni ìwé náà, kí wọ́n má fi ẹ̀rù ba ìyàwó onítọ̀hún. Dókítà ní tirẹ̀ ni. Ràṣídì ní kí wọ́n yẹ òun wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, ṣúgà kò kúrò níbẹ̀. Ọkùnrin tó fi ogójì ọdún sá fún nǹkan kan bá a nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo bá fọwọ́ bo ẹnu.

Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀dọ̀ ni àká tí ara ń kó ṣúgà pamọ́ sí, àní ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń ṣe ṣúgà fún ara láti inú oúnjẹ mìíràn. Nǹkan kan wà nínú ara tó máa ń pàṣẹ fún un pé ó tó, ti àká. Bí kòkòrò hépatite C bá ti bá ẹ̀dọ̀ gbé pẹ́, ẹ̀dọ̀ lè di adití sí àṣẹ náà, ṣúgà á wá máa ya sínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ máa ń mú wọn ju àwọn ẹlòmíràn lọ.

Ojú Ràṣídì tàn. “Firdaus, sọ fún un kó kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Kó kọ kí ni, Papa?”

“Pé ẹ̀dọ̀ ni. Pé n kò lá a. Kó tẹ tampon sí i.”

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé Ouaga rí lè máa rẹ́rìn-ín. Níbí, nǹkan kan kì í jẹ́ òótọ́ títí tí wọ́n á fi bu òǹtẹ̀ lù ú. Ìwé wà pé a bí ọ, ìwé wà pé o ń gbé ibi tí o ń gbé. Mo mọ bàbá kan tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ gba ìwé pé òun ṣì wà láàyè. Kí ló dé tí kò fi ní í sí ìwé pé Ràṣídì kò lá ṣúgà?

Dókítà Agathe mi orí. Ó ní òun kò lè búra. Ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀, ó lè jẹ́ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá wa, ó lè jẹ́ pé ọkùnrin náà kì í dìde lórí àga. Ó tún lè jẹ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó kọ oògùn méjì fún un: ti ẹ̀dọ̀, oṣù mẹ́ta péré, àti ti ṣúgà, ojoojúmọ́. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ méjèèjì lọ́jọ́ náà.

Bí a ṣe dé Gounghin, ẹ̀gbọ́n mi lọ bá àwọn ọkùnrin lórí àga, ó sọ ohun gbogbo fúnra rẹ̀, torí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lóde. Kàmíl ní, “Ẹ̀dọ̀ kẹ̀? Ẹ̀dọ̀ ń lá ṣúgà?” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, oníbàárà kan ń wá táyà, Kàmíl ní òun á bá a mú un lẹ́yìn ìsọ̀. Ó pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, kò pariwo, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Ó kàn ń pe àwọn ọkùnrin wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n ń wọlé lọ wo òkú. Páálí ṣúgà mọ́kànlélógójì! Eku ti já méjì, èèrà sì tò lọ tò bọ̀ nídìí wọn.

“Ẹ̀bùn ààwẹ̀ ni,” Ràṣídì ní.

“Ti ọdún mélòó?”

“Ti gbogbo ọdún.”

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Èmi gan-an, tí mo mọ òótọ́ ọ̀rọ̀, bí ó ṣe sọ ọ́, ǹ bá má gbà á gbọ́. Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Onípáálí. Ní mọ́sálásí Hamdalaye, àdúgbò tó ń gbé, ọmọdé kan bi í bóyá òótọ́ ni pé ó máa ń lá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rọ̀ yìí ló dá oògùn dúró. Oògùn ẹ̀dọ̀, ó ń lò ó déédéé. Ti ṣúgà, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní bí mẹkáníìkì bá pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì àti kábúrétọ̀ lọ́jọ́ kan náà, tí moto wá ṣiṣẹ́, ta ló máa mọ èyí tó bàjẹ́? Kí wọ́n kọ́kọ́ tún ẹ̀dọ̀ ṣe. Bí ṣúgà bá lọ fúnra rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló jẹ̀bi, òun sì bọ́. Ṣùgbọ́n bí òun bá gbé oògùn ṣúgà mì, wọ́n á ní òun ti jẹ́wọ́. Dókítà ní ṣúgà lè wálẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá mọ́, ó sì lè má wálẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó dìgbà náà, ojú ń bàjẹ́, kíndìnrín ń bàjẹ́, ẹsẹ̀ ń bàjẹ́. Firdaus sunkún, ó ní, “Papa, c'est pas un procès!” Bàbá rẹ̀ ní ẹjọ́ ni, ẹjọ́ náà sì ti ń lọ.

Ọkùnrin náà ń rù lójú wa. Ó ń lọ tọ̀ ní ìgbà mẹ́rin kí tíì àkọ́kọ́ tó hó. Ó ta bíréèkì iwájú fún Félix dípò ti ẹ̀yìn, torí kò ríran dáadáa mọ́, Félix sì lọ rà á níbòmíràn láì sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ bàtà, mo rí egbò kan ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rí egbò náà, mo rí bàbá wa. Mo sọdá títì láì wo moto, mo kígbe mọ́ ọn níwájú oníbàárà pé ṣé ó fẹ́ kí n tún ìsìnkú yẹn ṣe lẹ́ẹ̀kejì ni.

“Nimọ̀,” ó ní, “ẹni tó bá kú ní aláìjẹ̀bi, orúkọ rẹ̀ ń bẹ.”

Mo sọ fún un pé orúkọ kì í ra oúnjẹ fún opó.

Àríkẹ́ kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kókó jéró, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, ló ń tà láàárọ̀ níwájú ilé wọn, èyí tó ní ata ilẹ̀, òun àti àkàrà tí àwọn ará ibí ń pè ní samsa. Láti ìgbà tó ti wọlé wa gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, kò débi àga tíì rí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i tó sọ̀ kalẹ̀ lórí moto tó gbé e wá. Ó lọ tààrà bá wọn, ó kúnlẹ̀ sínú eruku.

“Ẹ̀yin bàbá,” ó ní, “èmi ni. Ó di ọdún kẹtàlélógún tí mo ti ń fi ṣúgà sínú kókó Bàbá Firdaus. Wọn kò mọ̀.”

Ife bọ́ lọ́wọ́ Kàmíl. Ràṣídì ní, “Ìwọ Àríkẹ́? Kí ló dé?”

“Ó korò jù. Àánú yín ló ń ṣe mí.”

Mo rò pé yóò bínú, mo ti ń múra láti là wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ojú rẹ̀ tàn bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. “Ẹ gbọ́? Kàmíl, ṣé o gbọ́? N kò mọ̀! Ó ní n kò mọ̀!” Ó fa oògùn ṣúgà yọ nínú àpò, ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́, ó sì fi tíì kíkorò gbé e mì lójú gbogbo wọn. Ó ní ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan jẹ láì mọ̀ kò dẹ́ṣẹ̀, ó sì lè gba ìtọ́jú láì tijú.

Irọ́ ni Àríkẹ́ pa. Mo ti bá a dúró ti ìkòkò kókó yẹn láìmọye ọjọ́. Ẹni tó ń gbọ́ òórùn ṣúgà láti òdìkejì títì, ṣé òun ni wọ́n máa fi sí lẹ́nu fún ọdún mẹ́tàlélógún tí kò ní í mọ̀? Èèyàn tó bá ronú ìṣẹ́jú kan á mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ẹni tó jẹ̀bi, wọn kò ronú mọ́. Mo lọ bá a nílé, mo ní, “Àríkẹ́, irú kí lo ṣe yìí?”

Ó ń fọ igbá. Ó ní, “Àǹtí, wọ́n ti lo oògùn fún ọjọ́ mẹ́rin.”

Mo mú igbá kan, mo bá a fọ̀ ọ́.

Oògùn ń ṣiṣẹ́. Egbò náà jinná, ojú rẹ̀ là, ó padà sídìí ìwàásù. Nígbà tí oògùn ẹ̀dọ̀ parí, tó dúró fún oṣù mélòó kan sí i, tí wọ́n sì tún yẹ̀ ẹ́ wò, Dókítà Agathe sọ fún un pé kòkòrò ti lọ, ṣúgà náà sì ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n kó má fi oògùn sílẹ̀. Ràṣídì bi í pé oògùn wo ló mú un wálẹ̀. Dókítà gbé èjìká. Ó ní, “Les deux, peut-être, Tonton,” ìyẹn bóyá méjèèjì ni. Ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ yẹn ìbá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Lọ́jọ́ yẹn ó kàn ní d'accord, òun ti gbà. Nǹkan mìíràn ló ń dùn ún.

Ìròyìn àga tíì ti dé Hamdalaye níkẹyìn, ọjà Àríkẹ́ sì ti kú. Àwọn obìnrin Hamdalaye ní ẹni tó fi ṣúgà sínú kókó ọkọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún, kí ni kò ní í fi sínú tàwọn? Àwọn kan náà tó máa ń na igbá sí i pé kó fi ṣúgà kún un, kó tún fi kún un! Obìnrin kan mú bébà tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò wá, ó tì í bọ inú kókó lójú gbogbo ayé. Bí ó bá di ago mẹ́wàá, ìkòkò ṣì máa ń kún, Àríkẹ́ á sì gbé e wọlé. Kò ráhùn. Ọkọ rẹ̀ rí i lọ́jọ́ kìíní, ó rí i lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sẹ̀ kejì ó sọdá títì wá bá mi láàárín aṣọ.

“Nimọ̀, ṣé ó fi sí i?”

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ mu ún. Ṣé ó dùn?”

Ó jókòó sórí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, n kò sì lè lé e. Lẹ́yìn náà ó ní, “Kò dùn rí.” Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú àǹkárá tí mo fẹ́ tà, ó sì lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn èèyàn ń gun moto lọ síbi iṣẹ́, tí àwọn tó ti mọ́sálásí bọ̀ ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, Ràṣídì gbé àga kan síwájú ìkòkò Àríkẹ́, ó gun orí rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, Firdaus wà níbẹ̀. Kàmíl náà wà níbẹ̀, torí kì í pàdánù nǹkan.

“Ẹ gbọ́ o, ará àdúgbò! Irọ́ ni ìyàwó mi pa láti bò mí láṣìírí. Kò fi nǹkan kan sínú kókó. Èmi ni mo ń lá ṣúgà yẹn. Èmi ni olè.”

Firdaus fò sókè. “Papa! Mais c'est le foie! Ẹ̀dọ̀ ni!”

“Firdaus, gbẹ́nu dákẹ́. Ẹ̀dọ̀ kì í ta kókó.”

Kàmíl sún mọ́ ọn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tán pátápátá. “Hóró mélòó lẹ máa ń lá lójúmọ́?”

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀run. Kò mọ iye ṣúgà tí èèyàn ń lá lójúmọ́. Ta ni ì bá kọ́ ọ?

“Ogójì,” ó ní.

“Ogójì!” Kàmíl kó ọwọ́ lérí. Ariwo ta. Obìnrin tó mú bébà wá lọ́jọ́sí pòṣé, ó ní áà, Àríkẹ́ mà ń jìyà nílé ọkọ o, ó sì na igbá sí i pé kó bu kókó fún òun. Òmíràn nà tirẹ̀. Omi wá ń dà lójú mi, n kò sì lè dá a dúró. Ọkùnrin tó fẹ́ kú nítorí orúkọ rẹ̀ dúró lórí àga, gbogbo Hamdalaye ń nàka sí i, ó sì ń fi ojú ka àwọn tó tò sídìí ìkòkò.

Nígbà tí wọ́n dín kù, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn. Ó kàn án. Àríkẹ́ bu kókó láì fi nǹkan kan sí i, ó gbé e sókè sí i.

“Bàbá Firdaus, olè ṣúgà,” ó ní, “ẹ gba kókó yín.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.